Nọ́ńbà Abẹ́ Ìlà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ohun Tí Ìṣirò Ń Béèrè

Ní ọdún 1962, ẹjọ́ ogún kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní London. Olóògbé Súbérù Dáwódù ló ni dúkìá tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un, ọmọ mẹ́sàn-án sì ni gbogbo wọn jẹ́. Bàbá náà kò fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé ẹbí náà dé ilé ẹjọ́ kò pọ̀ rárá: ṣé ìdí-igi ni ká fi pín ogún yìí ni, àbí orí-ò-jorí?

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí. Lójú tirẹ̀, ìyẹn ló bá ayé òde òní mu, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ da ìdájọ́ náà nù. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá gan-an, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Àwọn adájọ́ London náà fọwọ́ sí i. Ọ̀nà mẹ́rin ni ogún náà pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́rin àbí mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà tí yóò wà lábẹ́ ìlà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ré òkun kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ tí ìdájọ́ yẹn ṣe lóore àti èyí tó dín ìpín rẹ̀ kù, ìṣirò ló máa sọ fún un. Tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ tó bá dá wà nínú ìdí ìyá rẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin, òun nìkan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì nínú ìdí náà, 1/8 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, 1/12 ni, mẹ́rin, 1/16. Ní orí-ò-jorí, 1/9 ni fún gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ìyá ta ló bí wọn. Ibo wá ni ààlà wà? Ọmọ mélòó ló yẹ kó wà nínú ìdí kan kí ọ̀nà méjèèjì tó jọra fún wọn?

Ká pe iye ọmọ yẹn ní x. Ohun tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdí-igi ni ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́nà x, a sì fẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́sàn-án: 1/(4x) = 1/9. Ìdá méjèèjì dọ́gba, òkè wọn jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà ìsàlẹ̀ wọn kò lè yàtọ̀: 4x = 9. Tí a bá pín 9 sí ọ̀nà mẹ́rin, x di méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin.

Kò sí ìyá tó bí ọmọ méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Síbẹ̀ èsì náà wúlò gidigidi, nítorí ó ti fi ààlà hàn wá. Ìdí tó bá ní ọmọ kan tàbí méjì, ìdí-igi ló sàn fún un. Ìdí tó bá ní ọmọ mẹ́ta sókè, orí-ò-jorí ló sàn fún un. Nínú ilé tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, kò sí ìdí kankan tí ọ̀nà méjèèjì lè jẹ́ bákan náà fún. Ẹni tó bá rí èyí yóò mọ̀ pé àwọn ọmọ tó lọ sílé ẹjọ́ kò kàn ń jà sí àṣà lásán.

Irú ìṣirò yìí, tí ohun tí a ń wá fara pamọ́ sábẹ́ ìlà, ni ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń sá fún. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ló fà á.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á kọ 12/x = 3 sí pátákó. Á bi kíláàsì pé kí ni kí wọ́n ṣe. Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé “cross multiply!” Wọ́n á kọ 12 = 3x, wọ́n á kọ x = 4, olùkọ́ á sì fàlà sí i pé wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fa ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bi í pé kí ni ìṣirò náà ń béèrè, ọmọ náà á tún padà sórí “cross multiply”. Ó mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kò mọ ohun tí wọ́n bi í. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà kò ju èyí lọ: ohun méjìlá wà nílẹ̀, wọ́n pín in dọ́gba, mẹ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Ọmọ tó ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pín ẹran rí lè dáhùn ìyẹn kó tó mọ ohun tí x jẹ́.

Nítorí wọn kò mọ ìbéèrè, wọn kì í mọ̀ ọ́n nígbà tí èsì bá ya wèrè. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo olùkọ́ ìṣirò mọ̀ nìyí. Ẹ̀rọ kan ń fa omi kún táńkì ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀rọ kejì, tí kò lágbára tó o, ń fa omi kún táńkì kan náà ní wákàtí mẹ́fà. Bí a bá tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí mélòó ni táńkì yóò fi kún? Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á kún ìdá kan nínú mẹ́ta táńkì, ìkejì á kún ìdá kan nínú mẹ́fà. Nítorí náà 1/x = 1/3 + 1/6. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn dorí gbogbo rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọ x = 3 + 6, wọ́n á ní wákàtí mẹ́sàn-án.

Wákàtí mẹ́sàn-án ńkọ́! Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe é ní mẹ́ta, a fi èkejì ràn án lọ́wọ́, iṣẹ́ wá di mẹ́sàn-án? Kò sí ọmọ tó ti pọn omi rí tó máa gba èyí gbọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́ fún un lẹ́nu. Lórí ìwé ló ti ń gbà á, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó ronú nípa omi. Èsì tó tọ́ ni pé 1/3 pẹ̀lú 1/6 jẹ́ ìdajì táńkì ní wákàtí kan, táńkì yóò sì kún ní wákàtí méjì. Ìdá la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò pọ̀ kó di ẹyọ kan, ká tó lè dorí rẹ̀ kodò. Ìṣirò yìí kan náà ni ọmọ yóò tún bá pàdé nínú físíìsì, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ nípa gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tàbí nípa iná mànàmáná tó gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àṣìṣe ti rí nínú kíláàsì ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí níbẹ̀.

Òmíràn wà tó tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fún ọmọ ní 6/(x + 1) = 2. Ó rí i pé àròpọ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì yà á sí méjì: 6/x + 6/1. Láti ibẹ̀ ó dé x = −3/2, ó sì fi ìwé sílẹ̀. Bí ó bá dá èsì rẹ̀ padà síbi tó ti mú un wá, yóò rí i pé −12 ló bọ́ sí, kì í ṣe 2. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yẹn máa gbà. Bí ó bá sì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé mẹ́fà tí a pín fún àwọn kan, tí méjì méjì kàn wọ́n, àwọn mélòó ni wọ́n, á mọ̀ pé mẹ́ta ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. x + 1 jẹ́ 3, x jẹ́ 2. Kò tiẹ̀ sí ohun tí a ń gbé sọdá níbẹ̀.

Ìdí tí x abẹ́ ìlà fi le ju x orí ìlà lọ ni pé ó ń yí ọ̀nà padà, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí fún ọmọ ní gbangba. Ìwé ìṣirò kan wà láti Íjíbítì àtijọ́, tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, tó sì wà ní British Museum lónìí. Nínú rẹ̀ wọ́n béèrè pé: ohun kan, pẹ̀lú ìdá kan nínú méje ara rẹ̀, jẹ́ 19, kí ni ohun náà? Àwọn ará Íjíbítì kò ní x. Wọ́n fojú bù ú pé ó jẹ́ 7. Méje pẹ̀lú ìdá kan nínú méje rẹ̀ jẹ́ 8. Wọ́n wá wo ìlọ́po tí a gbọ́dọ̀ sọ 8 dà kó tó jẹ́ 19, wọ́n sì sọ 7 náà di ìlọ́po yẹn: 16 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ó pé pérépéré.

Ọgbọ́n ìfojúbù yìí ṣì dára fún ọmọ òní, ṣùgbọ́n bí x bá bọ́ sábẹ́ ìlà, a ó yí i po. Ká padà sí 12/x = 3. Ká fojú bù ú pé x jẹ́ 2. Èsì jẹ́ 6, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tí a fẹ́. Ọmọ tó bá fi ọgbọ́n orí ìlà ṣe é á dín x kù sí ìdajì, á sì jìnnà sí i. Sísọ x di ìlọ́po méjì ni ọ̀nà: ó di 4, èsì sì di 3. Bí iye àwọn tó ń pín bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ń kéré. Ẹ̀kọ́ yìí ni “cross multiply” ń bò mọ́lẹ̀.

Àwa tí a ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn náà ní láti gba ẹ̀kọ́ yìí. Kí ìjọba tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦460 ní ọjà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti dé ₦1,500, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Iye náírà tí a fi ń ra dọ́là fi ìdá 226 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé iye náírà já wálẹ̀ ní ìdá 226 nínú ọgọ́rùn-ún ti ṣìnà, nítorí ohun tó bá pàdánù ìdá ọgọ́rùn-ún ti tán pátápátá, kò ku nǹkan kan tí yóò tún pàdánù. Tí dọ́là kan bá jẹ́ x náírà, 1/x dọ́là ni náírà kan jẹ́. 460 tí a pín sí 1,500 fún wa ní bíi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Náírà pàdánù bíi ìdá 69. Ìyẹn burú tó fún ará ìlú, kò nílò àsọdùn.

Ó tún ní ìgbà tí ìṣirò abẹ́ ìlà máa ń sọ fún èèyàn pé ohun tó ń wá kò sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń dùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ti sábà máa ń rò pé òun ti ṣe àṣìṣe.

Ká mú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ká fi í sí kìlómítà 120. Awakọ̀ kan gbéra láti Èkó, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú un, ìwọ̀n kìlómítà 40 ní wákàtí kan ló fi dé Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ sáré bọ̀, kí àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀ lè jẹ́ ìwọ̀n kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Eré mélòó ló gbọ́dọ̀ sá? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé 80, nítorí pé 60 wà láàárín 40 àti 80. Wọn kò gbà á. Àlọ ti jẹ wákàtí mẹ́ta. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 240. Ní ìwọ̀n 60, wákàtí mẹ́rin ni. Wákàtí kan péré ló kù fún àbọ̀: 120/x = 1, x sì jẹ́ 120. Eré yẹn kọjá 100 tí òfin ojú pópó gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀nà márosẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ìwọ̀n 48 lápapọ̀, wákàtí márùn-ún ni, méjì ló kù, kó máa bọ̀ ní 60 ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wàyí o, ká ní ó ta kú pé 80 lápapọ̀ ni òun fẹ́. Kìlómítà 240 ní ìwọ̀n 80 jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta náà ló sì ti lò tán kó tó dé Ìbàdàn. 120/x = 0 ni ìṣirò rẹ̀ báyìí, kò sì sí nọ́ńbà kankan lábẹ́ ọ̀run tí a lè fi pín 120 kó di òfo. Ìbáà fi bàálù bọ̀, kò lè bá a. Eré tí kò sá ní àlọ ti lọ, àbọ̀ kò lè dá a padà. Bí àwọn tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ wa níṣẹ́ bá fi ìṣirò kan yìí kún ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n fi ẹfun yà á sórí pátákó, kí wọ́n sì jẹ́ kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ka wákàtí tó ṣẹ́ kù, òǹkọ̀wé yìí gbàgbọ́ pé yóò wúlò ju ìkìlọ̀ tó pọ̀ lọ.

Òfo kò lè wà lábẹ́ ìlà. Gbogbo ọmọ ló ti gbọ́ òfin yìí, díẹ̀ ló mọ ìdí rẹ̀. Bí 12/0 bá ní èsì, a jẹ́ pé èsì yẹn lọ́nà òfo gbọ́dọ̀ fún wa ní 12. Ohunkóhun lọ́nà òfo, òfo ni. Kò sí ohun tó lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yanjú irú ìṣirò yìí tán fi gbọ́dọ̀ padà wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo x/(x − 3) = 3/(x − 3). Ọwọ́ á yára kọ x = 3. Ṣùgbọ́n bí x bá jẹ́ 3, ìsàlẹ̀ méjèèjì di òfo, ìṣirò náà kò sì ní ìtumọ̀ mọ́. Kò ní èsì rárá. Ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC pàápàá ní kí ọmọ mọ nọ́ńbà tí kì í jẹ́ kí ìdá ní ìtumọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ USS Yorktown ń lọ lójú òkun nítòsí Virginia. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ òfo sínú kọ̀ǹpútà níbi tí kò yẹ kí òfo wà. Kọ̀ǹpútà gbìyànjú láti fi òfo náà pín nọ́ńbà mìíràn, gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ra wọn dákú, ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ lọ sì dúró. Ó lé ní wákàtí méjì tí ọkọ̀ ogun ńlá yẹn fi wà lójú omi tí kò lè lọ síwájú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà náà pé kó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni yóò kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún báńkì àti ilé ìwòsàn lọ́la.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé yìí ń tọrọ, kò sì ní ná ìjọba ní owó ńlá. Kí ọmọ tó gbé nǹkan kan kúrò lábẹ́ ìlà, kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀, ní èdè tó gbọ́ jù, sọ ohun tí ìṣirò náà ń béèrè. Bó bá parí, kó dá èsì padà sínú ìbéèrè, kó sì wò ó bóyá ó bá ayé mu.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 820, al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní Bagdad, nígbà ìjọba al-Ma'mun, tí aljẹ́bírà ti gba orúkọ rẹ̀. Kò sí x nínú ìwé náà, kò sí àmì ìdọ́gba, àní nọ́ńbà pàápàá, ọ̀rọ̀ ló fi kọ ọ́. Ó ń sọ ìṣirò bí ẹni ń ro ẹjọ́. Apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà sì dá lórí ogún pípín: aya, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, gbèsè, ìhágún. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń pín ogún ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, nínú mẹ́fà, nínú mẹ́rin títí di òní. Àmì tí à ń lò báyìí dé lẹ́yìn, láti mú kí ìkọ̀wé yá. Ìtumọ̀ ló ṣáájú.

Ilẹ̀ wa náà ti dán èdè wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ford Foundation ṣe ìrànlọ́wọ́ owó fún. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti apá òkè ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ló ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò ni, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ìdánwò náà, òbí tó bá sì fẹ́ kí ọmọ òun yege kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn agbègbè kan náà lè ṣaláìní olùkọ́, ìwé àti ìjókòó. Kò tọ́ ká di gbogbo ẹrù ìjákulẹ̀ wọn lé èdè lórí. Ohun tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ fi hàn ni pé ẹni tó bá ti mọ ìtumọ̀ ní èdè rẹ̀ lè gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó há Gẹ̀ẹ́sì sórí láìmọ ìtumọ̀ kò ní ohun tí yóò gbé.

Bí ìjọba àpapọ̀ bá sì ti sọ tirẹ̀, ìpínlẹ̀ náà ní agbára lórí ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá nínú ilé ẹ̀kọ́. Òfin yẹn ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ó kù kí Yorùbá wọ kíláàsì ìṣirò. Kò dìgbà tí wọ́n bá tú gbogbo ìwé sí Yorùbá. Bí olùkọ́ bá lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sọ ìbéèrè náà ní Yorùbá, kí àwọn ọmọ fojú bu èsì, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kó tó kọ àmì kankan sí pátákó, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan fún olùkọ́, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù pawọ́ pọ̀ ṣe, tó kún fún ọ̀rọ̀ ogún, omi, epo bẹntiróòlù, ọ̀nà jíjìn àti owó ọjà, yóò mú iṣẹ́ náà rọrùn.

Ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, ọwọ́ yín nìyẹn wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má gba “cross multiply” lẹ́nu ọmọ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ ní kó sọ ohun tó wà lókè, ohun tó wà nísàlẹ̀, àti ohun tó ń wá. Ẹ̀yin òbí náà, kò dìgbà tí ẹ bá mọ aljẹ́bírà. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ ní kó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sí ibi tí x ti wà lábẹ́ ìlà, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ jọ sọ ọ́.